Nígbà Tí Mo Kó Àwọn Ọmọ Mi Lọ Sí Ọgbà Ìṣeré Disney

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn, nítorí ọ̀rọ̀ fàájì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ sì ni.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́. Lẹ́yìn tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ni, mo ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́sàn-án kí iṣẹ́ tó gbé mi dé ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò. Ìyàwó mi ta aṣọ ní Gbági kí a tó wá, kò sì tíì gbàgbé bí a ti ń ka owó. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ yìí, Títílayọ̀ àkọ́bí wa jẹ́ ọmọ ọdún 13, Káyọ̀dé jẹ́ ọmọ ọdún 6, Mosúnmọ́lá tí í ṣe àbíkẹ́yìn sì ku oṣù méjì kí ó pé ọmọ ọdún 3.

Ó ti pẹ́ tí Káyọ̀dé ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé nípa ọgbà ìṣeré Disney. Kò sí alẹ́ kan tí kì í bi mí pé, "Bàbá, nígbà wo ni tiwa?" Nígbà tí ìyá rẹ̀ kó àjọ ní oṣù Kẹrin, 1,500 dọ́là, a pinnu pé a ó lọ.

Fún àǹfààní àwọn tí kò mọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Walt Disney, ọkùnrin tí ó ń ṣe àwòrán tí ń rìn, ni ó dá a sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà tí òun máa ń mú àwọn ọmọbìnrin òun méjèèjì lọ ṣeré, orí bẹ́ǹṣì ni òun máa ń jókòó sí, tí àwọn ọmọ á máa gun ẹṣin onígi tí ń yípo. Ó wá rò ó pé ó yẹ kí ibì kan wà tí òbí àti ọmọ yóò ti jọ máa ṣeré. Ó ṣí àkọ́kọ́, Disneyland, ní ìpínlẹ̀ California ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1955. Èkejì ni wọ́n ń múra láti kọ́ sí ẹ̀bá ìlú Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida nígbà tí ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1966. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń jẹ́ Roy, tí ó fi ọdún 8 jù ú lọ, tí ó sì ti fẹ́ fẹ̀yìntì, ni ó dúró parí iṣẹ́ àbúrò rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1971. Roy ní kí wọ́n fi orúkọ Walt pè é, kí ayé lè mọ ẹni tí ó ni èrò náà. Kò pé oṣù mẹ́ta sí i tí Roy náà fi ṣaláìsí. Ẹ̀gbọ́n rere ni.

Ilẹ̀ ọgbà ti Florida yìí tó nǹkan bí 25,000 éékà, ọgbà ìṣeré ńlá mẹ́rin ni ó sì wà nínú rẹ̀. Èmi ní kí á lo ọjọ́ mẹ́rin, kí a wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá Títí wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá Títí, ṣé a fẹ́ ṣeré nínú ọgbà ni, àbí a fẹ́ rà á?"

Ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí ọjà ọdún ni. Ọjọ́ tí èrò bá pọ̀, bí ìgbà Kérésìmesì, owó á gòkè. Ọjọ́ tí èrò bá dín, owó náà á sọ̀ díẹ̀. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 3 kì í san nǹkan kan. Ọmọ ọdún 3 sí 9 ń san iye tí ó dín díẹ̀ sí ti àgbà. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 10, owó àgbà ni yóò san, kò sì sí ọjọ́ tí ti àgbà kì í lé ní 100 dọ́là. Nínú ilé tiwa, Mosún yóò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, Káyọ̀dé yóò san ti ọmọdé, Títí yóò san ti àgbà bí èmi àti ìyá rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan péré fún wa lé ní 600 dọ́là. A kò tíì ka epo ọkọ̀, ilé tí a ó sùn fún òru méjì, àti 30 dọ́là tí a ó fi gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Ni a bá fẹnu kò sí ọjọ́ kan àti ọgbà kan. Magic Kingdom ni a yàn, nítorí òun ni ó ní ohun ìṣeré tí ó bá ọmọ kékeré mu jù.

Ẹ̀yin náà mọ ìwà àwa olùkọ́. Mo mú ìwé ńlá kan, mo fa ìlà sí i bí ìgbà tí a ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ fún sáà tuntun. Mo kọ wákàtí sí apá kan, mo kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe sí apá kejì. Nígbà tí a jẹun alẹ́ tán, mo dìde dúró bí ẹni tí ó wà níwájú kíláàsì, mo kà á sí wọn létí. Káyọ̀dé pàtẹ́wọ́. Mosún náà pàtẹ́wọ́ nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Títí kò sọ nǹkan kan. Ó kó àwo lọ sí ilé ìdáná, ó fọ̀ wọ́n, ó padà wá, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró lọ́dọ̀ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ náà. Kí ẹ̀yin máa lọ."

Inú bí mi gidigidi. Mo rò pé ọmọ aláìmoore ni. Mo sọ fún un pé nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, mo ti pọn omi kún agbada kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì sí ẹni tí ó kó mi lọ síbi kankan. Títí ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Ó dìde, ó lọ sùn.

Ìyá rẹ̀ kò dá sí i níwájú àwọn ọmọ. Ó dúró títí ilé fi dákẹ́. Ó wá gbé ìwé ètò mi síwájú mi, ó ní, "Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá mi ka iye ibi tí orúkọ Títí wà nínú ìwé yìí. Kí ẹ sì sọ ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀ fún mi."

Mo kà á. Ibi 11 ni. Nínú 9, ó gbé Mosún dání. Nínú ọ̀kan, ó mú Káyọ̀dé lọ gun ọkọ̀ kékeré kan kí èmi àti ìyá rẹ̀ lè sinmi. Nínú ọ̀kan tí ó kù, ó ń ṣọ́ ẹrù.

N kò rí èsì fọ̀. Oorun kò sì kùn mí lóru náà. Mo ṣí òfin ọgbà náà láti tún un kà, bóyá kí n lè rí nǹkan tí yóò dá mi láre. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bá mi. Òfin wọn ni pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 14 kò gbọ́dọ̀ dá wọ ọgbà láìsí ẹni ọdún 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tí kò bá sì tíì pé ọdún 7 kò gbọ́dọ̀ gun ohunkóhun àyàfi bí ẹni ọdún 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá bá a gùn ún. Ìyẹn ni pé Títí tí mo fi ṣe olùtọ́jú Káyọ̀dé, òun gan-an wà lára àwọn tí wọ́n ní kí a tọ́jú. Níbi owó, àgbà ni. Níbi ìtọ́jú, ọmọdé ni.

Mo jókòó nínú òkùnkùn, mo rò ó, mo rí i pé àwa náà ní òṣùwọ̀n méjì bẹ́ẹ̀ nílé. Bí iṣẹ́ bá dé, a ó ní, "Títí, ìwọ kì í ṣe ọmọdé mọ́." Bí ó bá sì di pé kí ó sọ ohun tí ó fẹ́, a ó ní, "Dákẹ́, ọmọdé ni ọ́."

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò wí pé kí àkọ́bí má ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn, ó sì dára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó pọ̀n mí dàgbà. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mo tẹ̀ ẹ́ láago ní Ìbàdàn, mo bi í léèrè ohun tí n kò bi í rí: nígbà tí ó ń pọ̀n mí, kí ni ó máa ń wù ú láti ṣe? Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Eré òṣùpá ni, àbúrò mi. Mo máa ń fẹ́ bá ẹgbẹ́ mi ṣe eré òṣùpá. Ìwọ ni o kì í jẹ́." Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè bá a rín in.

Ní ọjọ́ kejì, mo pe Títí jókòó. Mo sọ fún un pé mo ti ka ìwé ètò mi, mo sì rí i pé kò dára. Ó ń wo ilẹ̀. Mo ní, "Sọ ohun mẹ́ta tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe èyí tí Mosún fẹ́ o." Ó pẹ́ kí ó tó lanu. Ọmọ tí a kì í bi léèrè kì í ní èsì lọ́wọ́. Níkẹyìn ó ní, "Space Mountain, Bàbá. Kí ẹ̀yin sì bá mi gùn ún."

Ètò tuntun tí a ṣe nìyí, mo sì kọ ọ́ síhìn-ín fún ẹni tí yóò wúlò fún. Èkíní, ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ohun mẹ́ta tí ó fẹ́ jù, a sì kọ́kọ́ to ìwọ̀nyí sílẹ̀ kí a tó fi ohunkóhun mìíràn kún un. Káyọ̀dé yan ọkọ̀ ojú irin àwọn aràrá méje tí ń wa kùsà, Dumbo erin tí ń fò, àti Space Mountain bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mosún kò lè sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ẹṣin ni ó fẹ́ràn, nítorí náà a kọ ẹṣin onígi tí ń yípo sílẹ̀ fún un, a sì fi ọkọ̀ ojú omi tí ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín ọmọláńgidi gbogbo orílẹ̀-èdè tì í.

Èkejì, a wọn àwọn ọmọ nílé. Ní ọgbà yìí, kì í ṣe ọjọ́ orí ni a fi ń gun àwọn ohun tí ń sáré, gíga ni. Ọkọ̀ àwọn aràrá ń fẹ́ íńṣì 38, Space Mountain ń fẹ́ íńṣì 44. Mo wọn Káyọ̀dé lára ilẹ̀kùn, lẹ́sẹ̀ lásán: íńṣì 43. Ó bú sẹ́kún. Mo jẹ́ kí ó sunkún náà tẹ́rùn, nítorí ẹkún inú ilé sàn ju ẹkún ojú ọ̀nà lọ. Òbí tí kò bá wọn ọmọ rẹ̀ nílé, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà yóò bá a wọ̀n ọ́n lójú gbogbo èrò.

Ẹ̀kẹta, èmi àti ìyá wọn pín Mosún láàárín ara wa. Ètò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rider Switch. Bí ọmọ kan kò bá ga tó, òbí kan á dúró tì í, èkejì á bá ọmọ tí ó ga tó lọ. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, òbí tí ó dúró náà á wọlé láìtún to ìlà gígùn. Wọn kì í gba owó lé e. Kí a ṣáà sọ fún òṣìṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin, oúnjẹ. Wọ́n gbà kí ènìyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé, bí kò bá ti sí ìgò tàbí ọtí nínú rẹ̀. Ìyá Títí sè mọ́ínmọ́ín, ó dín ẹran, ó kó búrẹ́dì àti ṣinṣín sínú àpò. Omi tútù ni a ń tọrọ lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Owó tí èyí dá sí fún wa kì í ṣe kékeré.

A wakọ̀ láti Atlanta, ó lé ní 400 máìlì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a tètè dé ọgbà kí èrò tó pọ̀. Níbi tí a gbé ọkọ̀ sí, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé wa kọjá adágún odò dé ẹnu ọ̀nà. Káyọ̀dé kò lè dúró lójú kan.

Nígbà tí a dé ìdí Space Mountain, tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1975, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹkún yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ lọ dúró sábẹ́ òṣùwọ̀n. Ó yíjú sí òṣìṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀, ó ní, "Ó ku íńṣì kan. Mo ń bọ̀." Òṣìṣẹ́ náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni tí ń bọ ìjòyè lọ́wọ́. Ó bá ìyá rẹ̀ àti Mosún jókòó, èmi àti Títí wọlé.

Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ènìyàn ń jókòó nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Títí wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú òkùnkùn birimù ni ó ń sáré. Ká sọ òtítọ́, eré rẹ̀ kò tó 30 máìlì ní wákàtí kan, takisí Ìbàdàn ń sá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí iwájú kò lè mọ ibi tí ọ̀nà yóò gbé yà. Mo gbọ́ tí Títí kígbe. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọmọdé gidi, tí kò ní ìdákẹ́. Mo gbìyànjú láti rántí ìgbà tí mo gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn, n kò rántí. Bóyá kí a tó bí Mosún ni.

Nígbà tí a jáde sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ pariwo jù." Òótọ́ ni.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, òjò dé pẹ̀lú àrá, bí ó ti máa ń rí ní Florida nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí àrá bá ń sán, wọn a dá àwọn ohun ìṣeré ìta dúró. Ohun mẹ́rin ṣì kù nínú ìwé mi. Mo ní kí á sáré la òjò náà kọjá lọ síbi tí wọ́n bo lórí, kí owó wa má bàa ṣòfò. Mosún ti ń sunkún oorun, ẹsẹ̀ ń ro Káyọ̀dé. Ìyá Títí kò tilẹ̀ dìde. Ó ní, "Bàbá Títí, owó tí ó ti jáde lápò ti jáde. Ṣé kí á tún fi ara àwọn ọmọ san án lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin ni ẹ lè kọ́ àwa olùkọ́ ní irú ìṣirò yẹn. Mo ká ìwé ètò mi, mo fi sí àpò. A jókòó sábẹ́ òrùlé kan, a jẹ mọ́ínmọ́ín, Mosún sùn nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Káyọ̀dé àti Títí ń pa àlọ́ fún ara wọn. Nígbà tí òjò dá, a wọ ọkọ̀ ojú irin tí ń yí gbogbo ọgbà ká, a kò sì sáré mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mẹ́ta nínú ohun mẹ́rin yẹn, a kò dé ìdí wọn títí di òní. Kò sí ọmọ kan nínú wọn tí ó bi mí léèrè.

Ní alẹ́, wọ́n yin iná aláràbarà sí ojú ọ̀run. Mosún wà lọ́rùn mi, ó wúwo bí àpò ìrẹsì. Títí dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó na ọwọ́. Mo ní, "Rárá, lọ máa wòran rẹ. Tèmi ni òní." Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ gbé e fún mi, kí ó lè rí iná náà dáadáa. Èmi ni mo fẹ́." Mo gbé e fún un.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kì í ṣe gbogbo wa ni yóò lọ sí Florida, kò sì pọn dandan. Bó jẹ́ ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, bó jẹ́ etí òkun ní Èkó, bó jẹ́ ìrìn-àjò lọ sí ìlú ìyá yín nígbà ọdún, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Ẹ kọ ètò yín sílẹ̀, kí ẹ wá ka iye ibi tí orúkọ àkọ́bí yín wà nínú rẹ̀, àti ohun tí ẹ ní kí ó máa ṣe. Bí ẹ bá rí i pé ẹrù ni ó ń rù láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ tún ètò náà kọ kí ẹ tó jáde nílé.

Ní ti Káyọ̀dé, mo tún wọ̀n ọ́n lára ilẹ̀kùn ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Íńṣì 44 géérégé ni. Ìyá rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ àjọ.